Ìfura Loògùn Àgbà, Ṣùgbọ́n Oògùn Ní Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tiwa ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, kì í ṣe ti aràn inú. Àìsàn kan ni mo fẹ́ sọ tí kì í gbóná sí ọwọ́, tí a kò sì lè fi ẹ̀rọ wọ̀n, síbẹ̀ tí mo ti fojú ara mi rí i pé ó ń ṣe ọmọ léṣe. Òun ni ìgbàgbọ́ pé àwọn kan jókòó sí ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń pète ibi sí wa, àti pé ohunkóhun tí a bá gbé wá fún wa, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ìbáà ṣe oúnjẹ, ète náà ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù October 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. HPV ni orúkọ kòkòrò àrùn tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, obìnrin bí 12,000 ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, ó sì pa bí 8,000. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan péré ni, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, obìnrin kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó pọn ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó sì fa ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 11, lọ́wọ́. Ìyá Ìdòwú ni n óò pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Oògùn ikọ́ ni ó wá gbà fún ọmọ ẹ̀yìn. Mo ní kí ọmọbìnrin náà jókòó kí n fún un ní abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn, ó ní: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́. A ti gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi ba ilé ọmọ àwọn ọmọ wa jẹ́ ni, kí ìran wa má baà pọ̀ sí i.”

Èrò pọ̀ ní ọjọ́ náà, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo dá a lóhùn bí kò ti yẹ. Mo ní: “Ṣé ẹ kàwé rárá? Ta ni ó ráyè ìran yín?” Àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìdòwú kò fèsì. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ní oṣù kejì ni ọmọ ẹ̀yìn náà yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ èéyi, nítorí oṣù mẹ́sàn-án ni a ń fún wọn. Kò gbà á. Nígbà tí ọyẹ́ dé, èéyi mú un. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́ títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìyá Ìdòwú kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ èéyi rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ṣáájú ti gbà á. Èmi ni kò fẹ́ rí mọ́.

Kí ẹ tó bi mí pé irú ènìyàn wo ni ó ń gba irú àhesọ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Irú èmi yìí ni.

Ní 20 July 2014, ọkùnrin kan tí ó ti Liberia wá gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó o, ẹ̀rù sì ba gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní òru tí ó mọ́ Friday 8 August, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó pè mí láti Èkó. Ó ní: “Dìde! Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ebola kò ní lè wọ ara rẹ.”

Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Mo mọ̀ pé iyọ̀ kì í ṣe oògùn Ebola. Síbẹ̀ mo gbé omi ka iná. Mo wẹ̀, mo wẹ àwọn ọmọ, mo jí ìyá mi, mo sì bu ife kan fún wọn mu. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé agolo iyọ̀ pamọ́ fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ wọn. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó jẹ́ 190 lórí 110. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: “Ṣé ìwọ kọ́ ni o ní iyọ̀ ni yóò pa mí?”

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹ̀jẹ̀ náà rọlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé ìròyìn gbé e pé ènìyàn méjì kú ní Jos nítorí omi iyọ̀ yìí, àti pé àwọn mìíràn di èrò ilé ìwòsàn. Ohun tí ó ṣẹ́gun Ebola ni pé wọ́n wá gbogbo àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò gbà kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, wà lára àwọn tí ó kú. Ní 20 October 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ète ìkọ̀kọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọ inú ọkàn, mo sì ti ka márùn-ún nínú àwọn ẹnu ọ̀nà náà.

Èkíní ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù a máa wá ojú tí yóò tẹjú mọ́. Kòkòrò àrùn kò ní ojú. A kò lè bá a jà, a kò lè ṣẹ́ èpè fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ pé ènìyàn ni ó wà ní ìdí rẹ̀, a ti rí ẹni tí a óò bínú sí. Ẹ rántí ìgbà Kòrónà. Ní 27 February 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé aláìsàn àkọ́kọ́ ti wà ní Nàìjíríà, ará Italy tí iṣẹ́ gbé wá sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ọjà, ti ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ojúde Ọba pàápàá kò wáyé ní ọdún náà. Ọkàn ènìyàn a máa fẹ́ kí ohun ńlá ní ìdí ńlá. Kò rọrùn fún un láti gbà pé ohun tí ojú kò rí ni ó ti gbogbo ayé mọ́lé. Ni àwọn kan bá ní òpó fóònù 5G ni ó ń pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni 5G kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ará ìlú ní Nàìjíríà nígbà náà. Ó di ọdún 2022.

Èkejì ni ohun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Àwọn àgbà ní: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Bí ọkàn wa ti ń ṣe nìyí. Nígbà mìíràn ó ń gbà wá là: ẹni tí ó jẹ olú kan, tí inú sì run ún, kò ní í jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ọmọ 1,000 ní abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ní ìgbà òjò, ibà yóò mú àwọn kan nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí pé ìgbà ẹ̀fọn ni. Ibà náà ì bá mú wọn bí a kò tilẹ̀ fún wọn ní nǹkan kan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn yóò pariwo, ó sì yẹ kí ó pariwo. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò dúró ní ọjà Òkè-Ajé kí ó máa kígbe pé nǹkan kan kò ṣe ọmọ òun? Ariwo ẹni kan ni à ń gbọ́. A kì í gbọ́ ìdákẹ́ ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀wọ̀. Ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ ní báńkì, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ní ilé ìwòsàn, tí a kò jẹ́ kí ó béèrè ohunkóhun, bí ó bá di àṣírí kan mú tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò mọ̀, òun náà ti di ẹni tí ó mọ nǹkan. Ó dùn láti jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ là nígbà tí àwọn yòókù ń sùn. Ọ̀mọ̀wé pàápàá kò bọ́ nínú èyí.

Ẹ̀kẹrin ni ìfẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó fẹ́ràn mi ni. Bákan náà ni ti WhatsApp: ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó ni ó ń fi í ránṣẹ́, tàbí ọ̀rẹ́ wa nínú ẹgbẹ́. A kì í bi ẹni tí ó sáré wá kìlọ̀ fún wa pé níbo ni ó ti gbọ́ ọ. Bí mẹ́ta nínú irú wọn bá sì sọ ohun kan náà, a ó rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbà láti ọwọ́ ara wọn.

Ẹ̀karùn-ún ni ó tóbi jù, òun sì ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera kì í fẹ́ dárúkọ: nígbà mìíràn, ète ibi wà ní tòótọ́. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú, wọ́n sì ń bú wọn pé ìfura wọn pọ̀ jù. Ní oṣù May 1892, àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó gbé ìbọn Maxim wá, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ìfura àwọn baba wa kì í ṣe wèrè.

Ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, láti 1932 dé 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba ń ṣọ́ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bí 400 tí wọ́n ní àrùn ìbálòpọ̀ kan. Wọn kò tọ́jú wọn, bí penicillin tí ó lè wò wọ́n sàn tilẹ̀ ti wà. Wọ́n kàn fẹ́ mọ bí àrùn náà yóò ti ṣe wọ́n títí wọn yóò fi kú ni. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní 1996, àrùn yírunyírun, èyí tí í máa ń mú ọrùn le gan-an, ń pa àwọn ọmọ ní Kano. Ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer wá dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ bí 200. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Kano pè é.

Ṣé ẹ rí i bí ọ̀ràn kan ti ń bí òmíràn? Ní 2003, nígbà tí wọ́n gbé àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé Kano, àwọn aṣáájú kan ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ìpínlẹ̀ náà dá a dúró títí di 2004. Rọpárọsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà padà, ó sì ti àríwá Nàìjíríà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe èébú ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tí ará Kano gbọ́kàn lé yẹ àjẹsára náà wò, wọ́n sì gbé èyí tí a ṣe ní Indonesia wá, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ní 25 August 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ náà, èyí tí ó ti ń rọ àwọn ọmọ wa láti ọjọ́ pípẹ́, ti kúrò ní Áfíríkà.

Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má fura. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé kò sí oògùn tí kò ní ìwọ̀n. Paracetamol ń mú ibà rọlẹ̀. Bí a bá mu ún jù, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bàjẹ́. Báwo ni a ó ti mọ̀ pé a ti mu ìfura kọjá ìwọ̀n?

Àmì rẹ̀ ni pé kò sí ìdáhùn kankan tí ó lè tó mọ́. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀, wọ́n ti ra dókítà. Bí nọ́ọ̀sì bá fún ọmọ tirẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà, omi lásán ni ó fún un. Bí ẹ̀rí bá wà, wọ́n ṣe é ni. Bí kò bá sí, wọ́n gbé e pamọ́ ni. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ dàbí ilé tí ó ní ẹnu ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà wọlé, tí kò ní ọ̀kan tí a lè gbà jáde.

Ọ̀ràn Kano kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ, ó ní ìwé. Àwọn oníròyìn tọpinpin rẹ̀, Washington Post gbé e jáde ní ọdún 2000, àwọn òbí sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ète tòótọ́ a máa ní ènìyàn tí a lè dárúkọ, a sì máa ní ẹlẹ́rìí. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ HPV wé e. Láti 2006 ni ó ti wà. Àwọn Amẹ́ríkà àti àwọn ará Australia ni ó kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ tiwọn. Rwanda bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Àwọn ọmọ ọdún 12 ìgbà náà ti kọjá ọdún 25 báyìí, ilé ìgbẹ̀bí Rwanda kò sì di ahoro. Kí ó tó lè jẹ́ ète, dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní láti pa ẹnu mọ́ fún ọdún tí ó lé ní 15, èmi tí ọmọ mi gbà á náà sì ní láti wà nínú wọn. Nínú agbo ilé wa, ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́ta kì í sun títí ilẹ̀ fi mọ́!

Bí àhesọ kan bá dé etí yín, mo gbà yín ní ìmọ̀ràn kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí.

1. Ta ni ó rí i? “Wọ́n ní” kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

2. Àwọn tí kò gbà á ńkọ́? Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ fa àìsàn, ẹ béèrè bóyá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò mú àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú.

3. Kí ni ìkánjú? Ọ̀rọ̀ tí ó bá ní kí ẹ ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn kíákíá, ẹ jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì.

4. Ta ni mo lè bi, tí yóò sì dá mi lóhùn? Ẹ lọ béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí, àti ohun tí ó lè ṣe ní ara. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ti HPV, apá lè dun ọmọ, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, òòyì sì lè kọ́ àwọn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15.

5. Kí ni ó lè mú mi yí ọkàn padà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ ti mu oògùn náà jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ilé tí ó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ bi í pé kí ni ó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ẹ fi kọ́gbọ́n.

Mo lọ sí ilé Ìyá Ìdòwú lẹ́yìn tí mo gbọ́ nípa ojú ọmọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín ni ó dùn mí. Ẹ̀rín àwọn ènìyàn yẹn ni mo gbé lọ sílé.” Ó ti ń wá sí dìsípẹ́ńsárì báyìí. Ọmọ kékeré náà ti gba àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ yòókù. Èyí ẹ̀gbọ́n ti di ọmọ ọdún 13, kò sì tíì gba HPV. Ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá kẹ́yìn, ó bi mí bóyá ọmọ tèmi ti ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀ dáadáa láti ìgbà tí ó ti gbà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun yóò rò ó. Mo fún un ní ìjókòó, mo sì ní kí ó béèrè èyí tí ó kù.